Orúkọ García: Iṣẹ́ Ìwádìí Mẹ́rin Tó Ṣeé Lò Láti Abuja Láìsan Kọ́bọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó lórí orúkọ García, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí ìdílé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àbísọ ni García kó tó di orúkọ ìdílé. Àìmọye bàbá ló jẹ́ ẹ tí wọn ò bá ara wọn tan rárá, àwọn ọmọ kálukú wọn ló sì sọ ọ́ di orúkọ tí ìran ń gbé kiri. Nítorí náà, ìwé ńlá tí wọ́n ya asà àti idà sí, tí wọ́n kọ ìtàn ìdílé García sí lábẹ́, tí àwọn kan ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí èèyàn fi sínú férémù, ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni. Ní Sípéènì, agboolé kan pàtó ló máa ń ní asà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ń jẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ra asà onílé tí kò mọ̀ rí.

Iṣẹ́ mẹ́rin tí a yẹ̀ wò níbí kì í gba owó. Àkọ́kọ́ ni ìkànnì INE, iléeṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń ka èèyàn àti nǹkan. Èkejì ni PARES, tó kó ìwé àtijọ́ ìjọba Sípéènì jọ. Ẹ̀kẹta ni FamilySearch. Ẹ̀kẹrin ni Slave Societies Digital Archive tó wà ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà. Fóònù lásán tó fún INE. Àwọn mẹ́ta yòókù gba kọ̀ǹpútà, torí ìwé àfọwọ́kọ ọdún 1700 kò ṣeé kà lójú fóònù, bó ti wù kí èèyàn fẹ̀ ẹ́ tó. Yorùbá tó wà ní Abuja, Kaduna, Jos tàbí Kano, tí orúkọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti oko ẹrú Bràsíl tàbí Kúbà padà wá sílé, wà nínú ẹbí rẹ̀, ni a ní lọ́kàn jù. Ẹni tó ń kọ́ èdè Sípéènì, tàbí tí ìwé orúkọ ará Sípéènì bá já lé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, yóò rí tirẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpìlẹ̀ orúkọ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, nítorí òun ló ń sọ irú ìbéèrè tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dáhùn. Àríwá Sípéènì, níhà ọ̀dọ̀ àwọn Basque àti Navarra, ni García ti jáde. Èdè Basque ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wá. Àwọn kan so ó mọ́ "gazte", èyí tí í ṣe ọ̀dọ́. Àwọn mìíràn so ó mọ́ "hartz", ẹranko béárì. Wọn ò tíì fẹnu kò, ẹ má sì jẹ́ kí ìkànnì kankan fi ọ̀kan nínú méjèèjì hàn yín bí ohun tó ti délẹ̀. Ohun tó dájú ni pé orúkọ ọba ni ní Pamplona, ìlú kan ní Navarra, láti nǹkan bí ọdún 851, nígbà tí García Íñiguez gun orí ìtẹ́.

Ẹ wá wo bí orúkọ ṣe ń lọ láti orí bàbá sí orí ọmọ nínú ààfin kan náà. Sancho Garcés kìíní, tó jọba láti 905 sí 925, bí García Sánchez kìíní. García Sánchez kìíní, tó jọba títí di 970, bí Sancho Garcés kejì. Sancho Garcés kejì, tó jọba títí di 994, bí García Sánchez kejì. Ọmọ Sancho ni Sánchez, ọmọ García ni Garcés. Orúkọ kejì ń yí padà ní ìran kọ̀ọ̀kan, bó ti rí gan-an lọ́dọ̀ àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín, tí Musa ọmọ Ibrahim fi ń jẹ́ Musa Ibrahim, tí ọmọ tirẹ̀ náà yóò sì máa jẹ́ Sani Musa. Ẹni tó bá ti bá Hausa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Abuja ti mọ ètò yìí kó tó débẹ̀.

Nígbà tó yá, orúkọ kejì dúró sójú kan. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Sánchez bí kò tiẹ̀ sí Sancho kankan nínú ilé mọ́. García ní tiẹ̀ yà lọ́nà kan: ọ̀pọ̀ kò fi ohunkóhun kún ìdí rẹ̀, bí orúkọ bàbá ṣe wà ni wọ́n ṣe gbé e. Ìdí nìyẹn tí Garcés àti García fi jọ wà lónìí, tí García sì fi pọ̀ ju Garcés lọ fíìfíì. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ, ó ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́yìn ọdún 1500. García Jofre de Loaísa ló kó ọkọ̀ ojú omi jáde ní 1525 lọ sí erékùṣù Moluccas. García Hurtado de Mendoza ló jẹ́ gómìnà Ṣílè láti 1557 sí 1561. Lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó sọ ọmọ ní García. Bí ẹ bá wá rí i níwájú nínú ìwé àtijọ́, ẹ má rò pé akọ̀wé ló gbé orúkọ sódì, ẹ má sì yí i padà nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ.

Ó yá, INE. Ẹ lọ sí ine.es, ẹ wá abala tí wọ́n pè ní "Apellidos y nombres más frecuentes", ẹ kọ orúkọ sínú àpótí, láìfi àmì sórí lẹ́tà. Iye mẹ́ta ni yóò gbé jáde: iye ẹni tó ń jẹ́ ẹ ní orúkọ ìdílé àkọ́kọ́, iye ẹni tó ń jẹ́ ẹ ní èkejì, àti iye ẹni tó ń jẹ́ ẹ ní méjèèjì, ìyẹn àwọn García García. García ló ń mú ipò kìíní ní gbogbo Sípéènì. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ ní orúkọ àkọ́kọ́ nìkan lé ní 1,400,000. Rodríguez, González, Fernández àti López ló ń tẹ̀lé e. Ó tún ní àwòrán ilẹ̀ tó pín iye náà sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Madrid àti Barcelona yóò máa fi iye gọbọi hàn fún orúkọ yòówù, torí èrò ibẹ̀ pọ̀. Ìdá lórí ẹgbẹ̀rún èèyàn kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò, ìyẹn ló ń sọ ibi tí orúkọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóòótọ́.

Àléébù INE méjì ló wà. Kì í fi orúkọ tí kò tó ẹni 20 ní gbogbo orílẹ̀-èdè hàn, tàbí tí kò tó 5 ní ẹkùn kan, nítorí àṣírí àwọn tó ń jẹ́ ẹ. Ìdí rèé tí ẹ fi lè kọ orúkọ Yorùbá kan síbẹ̀ kó sì sọ pé òun ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ ní Barcelona. Èkejì, ẹni tó ń gbé Sípéènì lónìí nìkan ló ń kà. Fún ìtànkálẹ̀ òde òní, a ò rí èyí tó dára tó o. Fún ìpìlẹ̀, kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì yé yín, torí òun ló ń ba ìwádìí jẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Orúkọ ìdílé méjì ni ará Sípéènì ń jẹ́: ti bàbá ló sábà máa ń ṣíwájú, ti ìyá a tẹ̀lé e. Agbábọ́ọ̀lù Sergio Ramos García kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni García. Ramos ni orúkọ bàbá rẹ̀, García ni ti ìyá. Eric García Martret ló jẹ́ García láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹni tó bá lo àṣà tiwa, tó mú èyí tó gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, yóò wá Ramos sábẹ́ García, yóò sì wá Eric sábẹ́ Martret. Ẹ tún ṣọ́ra fún ojú tó ń yára: Carlos Alcaraz, agbábọ́ọ̀lù orí ọ̀dàn tẹ́níìsì, Garfia ni orúkọ rẹ̀ kejì, kì í ṣe García. Gracia náà tún wà, orúkọ mìíràn ni, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé àtijọ́ máa ń pa á pọ̀ mọ́ García.

Obìnrin kì í pa orúkọ tirẹ̀ tì torí pé ó lọ́kọ. Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́ fún olùwádìí: orúkọ ìyá àgbà kì í sọnù nínú ìwé bó ṣe máa ń sọnù lọ́dọ̀ tiwa lẹ́yìn ìgbéyàwó. Láti ìgbà òfin 40/1999, àwọn òbí lè fẹnu kò kí orúkọ ìyá ṣíwájú, nítorí náà, fún ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ má ṣe gbà láìwádìí pé ti bàbá ni ti ìṣáájú. Nínú fọ́ọ̀mù ìjọba Sípéènì, ààyè méjì yìí kan náà ló ń da Yorùbá láàmú. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù yín, ẹ kọ ọ́ sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ àárín dí i ti sọ orúkọ àbísọ ara rẹ̀ di orúkọ ìdílé nínú ìwé wọn, ìwé rẹ̀ kò sì ní bá páásípọ́ọ̀tù mu mọ́.

PARES ni a fi ń tẹ̀ lé García sọdá òkun. Ìwé ilé àkójọ Archivo General de Indias tó wà ní Seville, tí Ọba Carlos kẹta dá sílẹ̀ ní 1785, wà lára ohun tó wà níbẹ̀. Láti 1503 ni iléeṣẹ́ Casa de Contratación ti ń ṣètò ìrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà; ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ̀ á sì wọ ìwé. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kúrú, ó sì máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan: orúkọ, "natural de" pẹ̀lú ìlú tó ti wá, "hijo de" pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá, lẹ́yìn náà ibi tó ń lọ, bíi Pérù tàbí Nueva España, ìyẹn Mẹ́síkò. Bí ẹ bá kọ García nìkan sí àpótí, àbájáde yóò bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ lo ìwádìí onípele, èyí tí wọ́n pè ní "búsqueda avanzada": ẹ fi orúkọ àbísọ kún un, ẹ fi ọdún sé e síwájú sẹ́yìn, ẹ fi orúkọ ìlú kún un bí ẹ bá ní i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lọ láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà, àìrí orúkọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà kò lọ.

Ìkànnì tó dára ni, ó létò, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìran rẹ̀ bá jẹ́ Àgùdà kò gbọdọ̀ fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa kò gba ìwé àṣẹ ní Seville.

Ní ti ìyókù ìtànkálẹ̀ rẹ̀, ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 2010 fi García sí ipò kẹfà nínú gbogbo orúkọ ìdílé ibẹ̀, ẹni 1,166,120. Ní Filipínì, gómìnà Narciso Clavería pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1849 pé kí wọ́n fi ìwé àtòjọ orúkọ pín orúkọ ìdílé fáwọn èèyàn. Ìyẹn ni pé orúkọ Sípéènì lára ará Filipínì kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ Sípéènì wà lára rẹ̀.

Slave Societies Digital Archive ló kan Yorùbá jù. Láti 2003 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Jane Landers ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: wọ́n ń ya fọ́tò ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Kúbà, Kòlóḿbíà, Bràsíl, Florida àti ibòmíràn. Ẹ yan orílẹ̀-èdè, ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ìdìpọ̀ ìwé. Ní Kúbà, ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àdàlù yàtọ̀ sí ti àwọn òyìnbó. "Pardos y morenos" ni kí ẹ wò lára èèpo rẹ̀.

Bí ojú ewé ìrìbọmi ṣe sábà máa ń rí rèé. Ní etí òsì ni wọ́n kọ orúkọ sí, bíi "Juan, lucumí". Nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, ọjọ́ ló ń ṣíwájú, orúkọ àlùfáà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà "adulto" bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tàbí "párvulo" bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́. "De nación lucumí" ń sọ ibi tó ti wá: Lucumí ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Esclavo de" ń sọ ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni García ti máa ń yọjú. Ní ìparí ni orúkọ "padrino" tàbí "madrina", ẹni tó dúró fún un níbi ìrìbọmi. Ẹ da orúkọ ẹni yẹn kọ láìkùnà. Lọ́pọ̀ ìgbà Lucumí bíi tirẹ̀ ni, òun ni ẹ ó sì tún pàdé nínú ìwé mìíràn nígbà tí orúkọ ẹni tí ẹ ń wá bá ti yí padà.

Ó máa ń yí padà, tìtorí pé Juan tí kò ní orúkọ ìdílé kankan lọ́jọ́ ìrìbọmi lè di Juan García lẹ́yìn tó bá gba òmìnira, nítorí orúkọ olówó rẹ̀ àtijọ́ ló gbé. García yẹn kò so ó mọ́ Navarra. Ilé olówó kan ní Havana tàbí Matanzas ní Kúbà ló so ó mọ́. Àwọn mìíràn gbé orílẹ̀ wọn ṣe orúkọ. Jhon Lucumí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kòlóḿbíà, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá. Carabalí, tó jẹ́ Calabar, náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ó dùn mọ́ wa nínú púpọ̀ pé ẹni tó jókòó sí Gwarinpa lè ṣí ojú ewé kan báyìí, kó sì rí orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ níbi tí akọ̀wé kọ ọ́ sí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa ṣí. Ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ kò ní ibi tí a ti lè kọ orúkọ wá èèyàn. Bí àlùfáà bá ṣe atọ́ka síwájú tàbí sẹ́yìn ìwé, orúkọ àbísọ ló sábà máa ń fi tò ó, nítorí náà abẹ́ J ni Juan wà, kì í ṣe abẹ́ G. Ìkékúrú náà ń fojú pamọ́: "Gª" ni García, "Franco" tí lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn bá kéré tó sì gòkè ni Francisco, "dho" ni "dicho", ìyẹn "tí a ti dárúkọ". Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kọjá lára García mẹ́wàá kó tó rí ọ̀kan.

FamilySearch ló tóbi jù, òun náà ni a ó sì dì mú bí wọ́n bá ní ká mú ẹyọ kan. Ìjọ Jésù Kristi ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn ló ni í, ẹgbẹ́ tó bí i sì ti wà láti 1894. Ní 2021 ni wọ́n parí gbígbé fíìmù ìwé àtijọ́ tó tó 2,400,000 sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó ṣí àkántì, kò gba owó, kò sì pọn dandan kí ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Fún orúkọ Sípéènì, ẹ kọ orúkọ ìdílé méjèèjì pọ̀ sí ààyè orúkọ ìdílé. Bí kò bá yọjú, ẹ yọ orúkọ ọmọ kúrò pátápátá, kí ẹ kọ orúkọ bàbá àti ìyá nìkan: gbogbo ọmọ tí tọkọtaya náà gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò tò sílẹ̀. Àwọn García tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ sì máa ń yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, torí pé orúkọ ìyá ni kò jọra.

Wọ́n tún fi ọ̀nà tuntun kún un ní 2024, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀. "Full Text" ni wọ́n pè é. Ẹ kọ "lucumí" àti "García" síbẹ̀ pọ̀, yóò gbé ìwé tí orúkọ méjèèjì ti jọ wà jáde, títí kan ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe atọ́ka rẹ̀ rí. Ó máa ń ṣi lẹ́tà kà, nítorí náà ojú ewé gan-an ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú nípa FamilySearch ni títìpa. Bí àwòrán kámẹ́rà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ẹ lè ṣí i nílé. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí kámẹ́rà náà, inú ibùdó FamilySearch tàbí ilé ìkàwé tó bá wọn da pọ̀ nìkan ni ó ti ń ṣí. Inú ilé ìjọsìn ìjọ náà ni ibùdó wọ̀nyí sábà máa ń wà, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń ṣí wọn fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì pè kí ẹ tó wọ mọ́tò láti Kubwa tàbí Nyanya. Àwòrán ìwé ń jẹ détà gan-an. Òru ni kí ẹ ṣe é bí détà òru bá wà lórí láìnì yín, kí ẹ wa ojú ewé tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fíìmù àti nọ́ńbà àwòrán sára orúkọ fáìlì náà lójú ẹsẹ̀, torí wíwá a lẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Èkó. Kì í ṣe Sípéènì nìkan ló ni García, àwọn Potogí náà ń jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni Campos, orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Campos Square, tí ìdílé tó ní i ti Kúbà dé. Ọ̀pọ̀ jù lọ Àgùdà ti Bràsíl dé, ìkọ̀wé Potogí ni tiwọn: Gomes, Rodrigues, Fernandes. Ṣùgbọ́n akọ̀wé Èkó kò tẹ̀ lé òfin yẹn. Ilé tí wọ́n wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinubu Square ní 2016, Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é, z ló wà nídìí orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ èdè Potogí ni "Casa do". Ẹ má fi s tàbí z nìkan pinnu orílẹ̀-èdè tí ẹ ó wá. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún tàbí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Èkó tó dárúkọ Bahia ní Bràsíl tàbí Havana ní Kúbà ló yẹ kó ṣíwájú.

Ibi tí ẹ ó sì ti wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Kaduna. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Kaduna ló sún mọ́ Abuja jù, tí rélùwéè sì ń lọ síbẹ̀ láti Idu, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ilẹ̀ Hausa àti Àríwá lápapọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwé ìjọba Èkó àti ti Ìwọ̀ Oòrùn wà ní ẹ̀ka Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Bí ẹ ò bá lè lọ fúnra yín, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń wá ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, Garcia, Garsia, Gracia, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ rò pé ó bọ́ sí, kí ẹ tó rán ẹbí tó wà ní Ìbàdàn.